Nígbà Tí Adéṣẹwà Pa Ẹnu Mọ́

Ugborikoko, Warri
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ọdún 2020

Sànmí ọmọ mi, Àkànmú,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ní Hull nílùú Òyìnbó. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì àti tíì náà ni? Àwa wà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú yàrá méjì yìí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, à ń wo ara wa bí ẹja inú agolo.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín pé Màámi fi bírò kọ ìwé, ó yà á ní fọ́tò, ó wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá pè ọ́, bàbá rẹ á já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa ka iye èèyàn tí kòrónà ti mú ní Ítálì fún ọ. Tí mo bá sì ní kí n fi ohùn ránṣẹ́, Mama Ejiro tí a jọ pín ògiri á ti gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, òun náà á sì dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn fún ọ ná. Ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Pessu wà ní títì. Ẹ̀wà mi wà nínú rẹ̀, kòkòrò ń bá a ṣe ìpàdé, wọn ò sì wọ ìbòmú. Àwọn sójà wà lójú títì bíi ti ìgbà ìjà, inú mi kì í dùn tí mo bá rí wọn. Mama Ejiro fi aṣọ fèrèsé olójú wínníwínní rán ìbòmú fún ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́, ẹ̀fọn àti kòrónà jọ ń gba ibẹ̀ wọlé. Bàbá rẹ ní tiwọn ti fi ara wọn jẹ alága ìgbìmọ̀ kòrónà ilé wa. Ta ló dìbò? Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, ohunkóhun tó bá ti òde wọlé gbọ́dọ̀ wẹ̀. Lánàá wọ́n fọ búrẹ́dì. Búrẹ́dì ni mo sọ, Sànmí. Wọ́n sá a sóòrùn lórí okùn aṣọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rè é. Àbúrò rẹ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Adéṣẹwà o! Ọmọ tí a máa ń bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí etí wa sinmi. Ọmọ tó ń fi ohùn pásítọ̀ gbàdúrà sórí ìrẹsì, tó ń rìn bí ìyá onílé títí ìyá onílé fúnra rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. O rántí pé ikọ́ fée bàbá rẹ dìde ní oṣù Kẹta, tí a sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, tí ara wọn ti yá, ọmọ yìí kò sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Ó fi ìborùn di ẹnu àti imú, nínú ilé! Ẹ̀yìn táǹkì omi ló ń gbé oúnjẹ lọ jẹ. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ti rù. Wọ́n sún WAEC wọn síwájú, kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni pé di ìgbà wo.

Mo ti gbìyànjú láti pa á lẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kí ló dé tí kòrónà ò lè mú ìgbín? Torí pé látọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti wà ní ìsémọ́lé.” Ó kàn wò mí ni. Bàbá rẹ ló rẹ́rìn-ín, ìyẹn lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn tán.

Àbí ọmọkùnrin kan ló bà á lọ́kàn jẹ́? Àbí ẹnì kan ló mú un lóhùn? Bá mi rò ó. Mo fẹ́ kí ilé mi tún pariwo.

Èmi ìyá rẹ tí ìdákẹ́jẹ́ ń dí létí,
Ọláwùnmí


Hull
Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, 2020

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ìsémọ́lé, ẹ kú ẹ̀wà, ẹ kú ìfaradà alága. Ẹ bá mi bi Bàbá bóyá wọ́n lọ búrẹ́dì náà ní áyọ́ọ̀nù nígbà tó gbẹ.

Èmi náà wà. Níbí, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo àdúgbò á jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún àwa tí à ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn kan ń lu ìkòkò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo dá ọwọ́ sókè bí olóṣèlú, ìyá kan sì fi ṣíbí lu ìkòkò rẹ̀ títí ọwọ́ ìkòkò fi já. Ẹ̀rín ni mo rín délé. Ṣùgbọ́n Màámi, yàrá tó ṣófo ní ibi iṣẹ́ wa ti ń pọ̀, mo sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé inú wọn tẹ́lẹ̀.

Ní ti Adéṣẹwà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ kárí ayé ni wọ́n tì mọ́lé láìròtẹ́lẹ̀: kò sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ọ̀rẹ́, kò sí ọjọ́ tí yóò tán. Ó ń wọ̀ wọ́n lára ju bí àwa àgbà ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ọkàn, kó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín tó ń retí èsì,
Sànmí


Ugborikoko
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún

Olúsànmí,

Mo rí ìwé rẹ.

Dókítà ọpọlọ. Fún ọmọ tèmi. Ní ìdílé bàbá rẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ìdílé tèmi ní Àgọ́-Ìwòyè, ta lo gbọ́ pé ó wọ ọjà rí, yàtọ̀ sí èmi tí mo ń wọ ọjà láti tajà? Mo ní àbúrò rẹ kò sọ̀rọ̀, ìwọ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Hull nìyẹn? Tí ìyá onílé bá gbọ́, tí ìjọ gbọ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la? Èmi tí mo ní kí o bá mi rò ó, o lọ rò ó kọjá ibi tí mo rán ọ.

Mo ti fi ohùn líle bá a wí lánàá. Mo ní tí kò bá yọ ìborùn yẹn lẹ́nu, èmi á bá a yọ ọ́. Ó wọ yàrá, kò jẹun alẹ́.

Bàbá rẹ ní kí n bá wọn kí ọ. Èmi ò kí ọ.

Ìyá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ ò bá ní kí n dìde, ibí ni màá ti kọ ìwé yìí tán.

N kò pe ọmọ yín ní wèrè. Bí ibà ṣe ń mú ara náà ló ń mú ọkàn, àwa kan ò kàn ní tẹmọ́mítà tí a ó fi sí i lábíyá ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún yín rí, bóyá yóò yé yín bí mo ṣe mọ̀.

Ẹ rántí ọdún 2003, nígbà ìjà ẹ̀yà ní Warri, tí a wà ní yàrá kan ṣoṣo ní Agbassa. Adéṣẹwà ò tíì dáyé. Ìbọn ń dún láti ìhà odò, èéfín ń rú, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ẹ rántí pé ilẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí látàárọ̀, tí màá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn? Ẹ rò pé ilẹ̀ tútù ni mo fẹ́ràn. Ẹ sọ mí ní Gétìmáànù. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín.

Màámi, kì í ṣe ilẹ̀ tútù. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé bí ẹ̀yìn mi bá fi lè kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n á wọlé pa yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ọmọ tó rí tíntìn-tín bíi tèmi ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo gbà á gbọ́. Mo ń di ìtọ̀ mọ́ra títí inú á fi máa run mí. N kò lè sọ ọ́, torí mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ yóò ṣẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá wá jókòó tì mí nílẹ̀. Àwọn náà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. A jókòó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ó kàn mí báyìí. Lọ tọ̀, lọ jẹun, kí o sùn díẹ̀. Tó bá rẹ̀ mí, màá pè ọ́.” Mo sùn bí òkúta. Nígbà tí mo jí, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá, ẹ̀yìn wọn kò kúrò lára ilẹ̀kùn.

N kò mọ ilẹ̀kùn tí Adéṣẹwà fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ó ń ti ọ̀kan.

Mo ṣì wà nílẹ̀ o,
Sànmí


Hull
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún

Màámi, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Nọ́ńbà yín kò lọ. Ti Bàbá ń dún, wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní “ẹ̀rọ wà nínú ìrẹsì”, fóònù sì já. Ẹ̀rọ wo? Ìrẹsì wo? Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí mo fi fi iyọ̀ sínú tíì ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́. Ó mu ún tán, ó ní ó dùn.

Tí ẹ bá ṣì ń bínú, ẹ kọ èébú ránṣẹ́, inú mi á dùn sí i. Ṣé Adéṣẹwà wà? Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Sànmí


Ugborikoko
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Karùn-ún

Sànmí mi, dìde.

Dìde nílẹ̀, òtútù á mú ọ. Ara gbogbo wa le. Adéṣẹwà wà, ó wà dáadáa ju bó ṣe wà lọ.

Kò sí ìbínú kankan. Alága ló fọ fóònù mi. Wọ́n ti ní ká ṣí ọjà padà; mo ti ibẹ̀ dé, mo gbé àpò kalẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ri fóònù bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi kànrìnkàn ha á. Mo pariwo débi pé Mama Ejiro rò pé àwọn ọmọ adìgunjalè ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ mọ́ wa lójú. Inú ìrẹsì ni fóònù náà sùn sí títí di àná. Wọ́n ti yọ bàbá rẹ nípò alága. Ìbò tọ́ka sí i kedere: èmi kan, àwọn kan, mo sì ní kí tèmi jẹ́ méjì.

Inú ṣọ́ọ̀bù ní Pessu, níbi tí mo ti ń gbọn kòkòrò kúrò lára ẹ̀wà, ni mo ti ka ìwé rẹ kí fóònù tó wẹ̀. Mo sunkún. Oníbàárà mi kan rò pé ẹnì kan kú, ó ń kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Gétìmáànù! Èmi ni mo sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, mo sì fi ń ṣeré títí o fi lọ sí yunifásítì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Adéṣẹwà gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sẹ́yìn táǹkì, mo bu tèmi náà. Mo fi gèlè di ẹnu àti imú bíi tirẹ̀, mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. O mọ ohun tí ìyẹn ná mi! Ó sún kúrò díẹ̀. Èmi náà sún díẹ̀. Ọjọ́ yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e mo tún lọ. Èèrà gé mi jẹ nídìí, ata inú ọbẹ̀ ń ta mí lábẹ́ gèlè torí mo ń gbìyànjú láti fi oúnjẹ gba abẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wò mí, ó ní, “Mummy, why you cover mouth?”

Mo ní, “Ìwọ ńkọ́?”

Ni ó bá bú sẹ́kún. Ó ní, “Na me nearly kill Daddy.”

Sànmí, fetí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ó sáré wọlé wá ṣe àfarawé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn fún bàbá yín: bí ọ̀gá ṣe dúró níwájú gbogbo ọmọ, tó ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sín, tí òun fúnra rẹ̀ sì sín lù wọ́n bí ìbọn. Ó súnmọ́ bàbá yín gan-an láti sín in fún wọn. Bàbá yín rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ di èémí tí kò wọlé mọ́, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì rédíò ní inú omi tó ń ta jáde lẹ́nu ni àrùn náà ń gbà ran èèyàn, àní nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi dá ẹjọ́ fún ara rẹ̀. Ó ní ẹnu òun ló fẹ́ pa bàbá òun, ó sì pa ẹnu náà mọ́. Gbogbo oṣù Kẹrin, a wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, a ń bá a wí pé ó ń gbéraga.

Ó dé etí ètè mi láti sọ pé, “Ìsọkúsọ wo nìyí?” Ṣùgbọ́n mo rántí ilẹ̀kùn Agbassa. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, “Ó ti rẹ̀ ọ́, Àdùkẹ́. Gbé e fún mi, jẹ́ kí n bá ọ gbé e díẹ̀.” Ó gbé orí lé itan mi lẹ́yìn táǹkì níbẹ̀, ó sì sùn. Ẹsẹ̀ mi kú pátápátá. Bàbá rẹ ló wá fà mí dìde nígbà tó yá.

Nígbà tó jí, ó ní òun fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, “person wey no be my mama.” Ó dùn mí díẹ̀, má jẹ́ n purọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí o wí. Mo pe Ìyáàfin Zulaikha, tíṣà tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ wọn. Ó ní òun á máa pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní àwọn ọmọ tó wà bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù lọ́wọ́ òun báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fóònù Mama Ejiro la yá fún un, torí ti bàbá rẹ ń já; mo rọra dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kì í ṣe pé mo ń tẹ́tí gbọ́ o, mo kàn dúró ni. Ni fóònù bàbá rẹ tó wà lápò mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn. Mo gbọ́ ohùn Ìyáàfin Zulaikha: “Màmá Adéṣẹwà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ wo iná.” Iná kankan ò sí. Mo lọ wò ó.

Ó ní tí ọkàn rẹ̀ ò bá fúyẹ́ tó, a ó lọ rí dókítà. Èmi fúnra mi ni n ó mú un lọ, kí ìyá onílé gbọ́, kí ìjọ gbọ́.

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí mo jẹ ọ́ wà níbẹ̀,
Màámi


Hull
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Màámi mi,

Mo ti dìde. Yàrá ìfọṣọ ibi iṣẹ́ wa ni mo ti ka ìwé yín, ibẹ̀ náà ni mo ti jó. Mo jó débi pé ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún yọjú, ó bi mí bóyá ogun ti parí. Mo ní ó ku díẹ̀. Ó ní kí n dá aṣọ rẹ̀ padà.

Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni. Èmi náà ti ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti oṣù tó kọjá, mo sì ń sọ fún ara mi pé atẹ́gùn ni. Bí Adéṣẹwà ṣe lè ní kí wọ́n wá ẹni bá òun sọ̀rọ̀, ojú tì mí. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá àwa òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tèmi o, ó jìn.

Kí wá ni Bàbá wí nígbà tí wọ́n gbọ́?

Sànmí


Ugborikoko
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà

Àkànmú, ọmọ tó jó níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ,

Kú iṣẹ́, kú orí ire. Sọ fún ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ pé ìyá rẹ kí i, pé kó bi ọ́ bóyá ò ń jẹun.

Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n dà bí ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pe dókítà wọn, wọ́n ní kí Adéṣẹwà náà dúró gbọ́. Dókítà ní kò sí àrùn tí ọmọ kan kó ran wọn. Ikọ́ fée wọn ti wà kí wọ́n tó fẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn déédéé, kí wọ́n yéé fò ó, kí ìfàsímú wọn, inhaler yẹn, má sì kúrò lápò. Adéṣẹwà gbọ́. Ṣùgbọ́n kí etí gbọ́ yàtọ̀ sí kí ọkàn gbà. Ó ṣì ń di ẹnu.

Ni bàbá rẹ bá gbé àga kan sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, wọ́n gbé ìkejì sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún. Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n kígbe pé, “Àdùkẹ́! Ọ̀nà jìn! Kòrónà ò lè rìn dé ibí! Sọ̀rọ̀!” Ó jókòó, ó pa ẹnu mọ́. Bàbá rẹ ní kò burú, àwọn á ṣe tàwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìgbín tèmi. Sànmí, wọ́n ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́! Wọ́n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn, wọ́n wá gbàgbé ìbéèrè, wọ́n tún ní ìjàpá ni.

Adéṣẹwà fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́. Ó fa ìborùn wálẹ̀, ó lọgun, “Daddy, no be so dem dey yarn am!” Ó tún un sọ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ohùn ìgbín. Ta ló mọ̀ pé ìgbín ní ohùn? Mama Ejiro yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, “My pikin, carry go!” Ó kàn dìde dúró, ó nawọ́ sí bàbá rẹ̀, ó ní, “See my papa. Him don baptize bread. E remain make e give am communion!”

Ilé dàrú. Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín kékeré, wọ́n di àga mú, wọ́n gbé ìfàsímú sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù. Adéṣẹwà dúró ṣánṣán, ó ń wo àyà wọn títí ẹ̀rín náà fi lọ tán. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n ó jẹun, nídìí tábìlì.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kì í rọ̀ ní ilé wa. Àwọn ọmọ yòókù nínú ọgbà ti ń jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ejiro, ọmọkùnrin Mama Ejiro, tí a kò rí láti oṣù Kẹrin, jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n, ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀ kan. Kò dùn rárá. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ó ń dára. Ní ọjọ́ mìíràn kì í jáde, àga rẹ̀ á ṣófo. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti lọ kan ilẹ̀kùn. Ní báyìí mo máa ń fi oúnjẹ síbẹ̀, mo máa ń sọ pé a wà níta. Ìyáàfin Zulaikha ní ohun tó yẹ nìyẹn.

Màámi


Ugborikoko
Oṣù Kẹjọ, 2020

Bọ̀ọ̀dá Sànmí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi Adéṣẹwà ni. Mummy ní tí n kò bá kọ ọ́ ní Yorùbá, òun ò ní fi ránṣẹ́. How far? Ìyẹn nìkan ni Pidgin tó fún mi láyè, mo ti ná an. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀, òun ló wá fi àwọn àmì sórí ẹ̀ lẹ́yìn. Ìwé mi mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó báyìí, ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ WAEC. Wọ́n jìnnà sí ara wọn, àwọn àga. Gbogbo wa wọ ìbòmú, n kò mọ ẹni tó ń sunkún àti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè Math. Olùṣọ́ ìdánwò wa ní, “No talking.” Àyà mi já. Ó tó oṣù mélòó kan tí èmi fúnra mi ń sọ ọ́ fún ara mi. Mo dúró díẹ̀, mo mí bí Ìyáàfin Zulaikha ṣe kọ́ mi, mo wá rí i pé ti ìdánwò nìkan ló ń sọ. Tó bá ti parí, mo lè sọ̀rọ̀. Mo kọ ìdánwò náà.

Mummy sọ ti ilẹ̀kùn Agbassa fún mi. Ẹ ṣeun. Mo rò pé èmi nìkan ni mo burú bẹ́ẹ̀ láyé. Ó ṣì ń wá o. Ní àárọ̀ míì ó máa ń jókòó lé mi láyà, n kì í fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n n kì í fi pa mọ́ mọ́. Màá kàn ní, “Mummy, ó ti dé o,” òun á ní, “Kí i fún mi.”

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rè é. Nígbà tí mo dé láti ìdánwò, Daddy dúró sẹ́nu géètì. Wọn ò gbé àga kankan. Wọ́n ní, “Wá, sọ bó ṣe lọ.” Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní, “Súnmọ́ mi.” Mo wẹ ọwọ́, mo lọ dúró tì wọ́n, ibi tí mo ti lè gbọ́ òórùn ọṣẹ lára wọn. Láti oṣù Kẹta n kò dé ibẹ̀. Mo ṣe olùṣọ́ wa fún wọn: bó ṣe ń rìn láàárín wa, tí ìbòmú rẹ̀ ń gòkè títí ó fi bo ojú rẹ̀, tó sì lọ kọlu bọ́ọ̀dù, tó ní kí bọ́ọ̀dù jókòó.

Daddy rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n dì mí léjìká mú. Ni wọ́n bá húkọ́.

Bọ̀ọ̀dá, ó dà bí oṣù Kẹta. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Daddy gbé ìka kan sókè sí mi pé kí n dúró. Wọ́n yọ ìfàsímú, wọ́n fà á símú, a dúró, èmi àti àwọn, wọ́n ń mí, mo ń wò wọ́n. Wọ́n fi í sápò padà. Wọ́n nu ojú. Wọ́n rọra mú ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu mi.

Wọ́n ní, “Ibi tó ti kọlu bọ́ọ̀dù yẹn. Tún un sọ.”

Mo tún un sọ.

Àbúrò yín,
Adéṣẹwà